Ẹyin Ejò Nínú Ilé: Bí Ejò Àgbàdo Ṣe Di Ẹran Ọ̀sìn

Bí ejò bá wọlé lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí í bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Igi la ó wá. Ọmọdé á ké, ìyá á gbé ọmọ sá jáde, bàbá á fa àdá yọ, àwọn ará àdúgbò á sì rọ́ dé. Bí wọ́n bá pa á tán, wọn a tún gé orí rẹ̀, wọn a sun ún níná, kí ọkàn kálukú tó balẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń fi owó gidi ra ejò, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń jókòó ti ẹyin rẹ̀ fún oṣù méjì gbáko bí ẹni tó ń retí àkọ́bí, mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Ẹ ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí, ejò lọ́wọ́ nínú!"

Ejò lọ́wọ́ nínú lóòótọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìtàn ejò tó bu ènìyàn ṣán ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ẹyin ni. Títí di nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ ní ejò nílé rẹ̀, inú igbó ló ti ń mú un. Bí èyí bá kú, á tún padà sígbó lọ mú òmíràn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ejò tó bímọ nínú ilé, kí ọmọ náà dàgbà, kí òun náà tún bímọ tirẹ̀, bí adìẹ àti ewúrẹ́ ti ń ṣe. Báwo ni nǹkan ṣe wá yí padà? Kí sì ni ó kan àwa tí a wà ní etí òkun Áfíríkà níbí? Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ejò tó ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, corn snake ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Ejò àgbàdo ni èmi yóò máa pè é. Gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, láti New Jersey lọ dé Florida, títí kan Louisiana. Ó ń gbé inú igbó igi páìnì, inú oko, àti inú ahéré tí ènìyàn ti kọ̀ sílẹ̀. Kò ní oró rárá. Eku ni oúnjẹ rẹ̀, ṣe ni í ká mọ́ ọn, tí í sì fún un pa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, pẹ̀lú àmì pupa ńláńlá tí a fi dúdú yí etí rẹ̀ ká. Bí ẹ bá yí i dojú sókè, ikùn rẹ̀ dúdú, ó funfun, bí àgbàdo aláràbarà tí àwọn Indian onílẹ̀ ń gbìn níbẹ̀. Àwọn kan ní ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ó tì, pé inú àká àgbàdo ni wọ́n ti máa ń bá a níbi tó ti ń dọdẹ eku. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ náà ti pẹ́. Mark Catesby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rin ilẹ̀ Carolina, ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó tẹ̀ láàárín 1731 sí 1743. Ní 1766, Linnaeus ará Sweden fún un ní orúkọ Látìnì tó jẹ mọ́ àmì tótòtó tó wà lára rẹ̀.

Nínú igbó, báyìí ni ejò àgbàdo ṣe ń bímọ. Nígbà òtútù, á wọ inú ihò lọ, kò ní jẹun, kò ní fẹ́ẹ̀ mira. Bí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láàárín oṣù March sí May, akọ á jáde, á máa fi ahọ́n gbóòórùn ipa abo títí yóò fi bá a. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gùn tán, ó di nǹkan bí oṣù kan àti ààbọ̀, abo á wá ibi tó móoru tó sì rin, bíi inú igi jíjẹrà tàbí abẹ́ òkìtì ewé, á sì yé ẹyin bíi 10 sí 30 síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Á lọ ni o. Kì í sàba, kì í ṣọ́ ọ, kì í padà wá wò ó. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ọmọ á pa. Ọjọ́ tó bá jáde ló ti ń dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn baba wa ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ejò tí wọ́n ń bá wí yìí, láti inú ẹyin ni kò ti ní ẹni tí yóò bá kọ́wọ̀ọ́ rìn.

Ẹyin náà fúnra rẹ̀ kò jọ ti adìẹ. Ó funfun, ó gùn díẹ̀, èèpo rẹ̀ sì rọ̀ bí awọ tí a rẹ sómi. Àwa a máa sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ti ejò kì í fọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé nítorí ìyẹn ó rọrùn láti tọ́jú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó le ju ti adìẹ lọ, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ejò ló ń kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin ará Faransé kan tó ti dé ilẹ̀ Íńdíà, Lamarre-Picquot lorúkọ rẹ̀, sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris láàárín ọdún 1830 sí 1840 pé òjòlá ibẹ̀ máa ń ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin, tí í sì mú un gbóná. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ara ejò a máa tutù, báwo ni ohun tó tutù yóò ṣe mú nǹkan mìíràn gbóná? Ṣùgbọ́n ní 1841, òjòlá kan yé ẹyin sínú ọgbà ẹranko ilé ìkóhun-ìṣẹ̀m̀báyé Paris, ó sì ká mọ́ ọn. Ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀, Achille Valenciennes, fi òṣùwọ̀n ooru sáàárín ìká rẹ̀, ó sì rí i pé ara abiyamọ yìí gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ní 1966 àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tún wọn ọ̀kan ní New York, wọ́n rí i pé ṣe ló ń gbọ̀n, tí iṣan ara rẹ̀ ń sún kì. Gbígbọ̀n náà ni ó ń fi dá ooru sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó ní irú òjòlá yẹn, abo ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ ejò àgbàdo nínú ilé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ìyá ẹyin. Iṣẹ́ yìí ni kò tíì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà.

Ní 1953, wọ́n mú ejò àgbàdo kan ní North Carolina. Akọ ni, àfín sì ni. Kò sí dúdú kankan lára rẹ̀, pupa àti funfun nìkan, ojú rẹ̀ náà sì pọ́n. Lọ́dọ̀ wa, àfín ènìyàn ni à ń pè ní ẹni òrìṣà. Àfín ejò yìí náà rí ẹni tó yẹ́ ẹ sí. Ó bọ́ sọ́wọ́ dókítà awọ ara kan ní Valdosta, ní Georgia, H. Bernard Bechtel. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, fẹ́ mọ ohun kan: ṣé àfín yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, àbí ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ ju pé kí ejò náà bímọ, kí ọmọ rẹ̀ sì tún bímọ. Wọ́n mú un pọ̀ mọ́ abo tí àwọ̀ rẹ̀ pé. Abo yé ẹyin, ẹyin pa, ṣùgbọ́n kò sí àfín kankan nínú àwọn ọmọ náà. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n ti bi léèrè rí nílé ìjọsìn, kí ẹ tó ṣègbéyàwó, bóyá AA ni yín tàbí AS, ẹ mọ ohun tí dókítà yìí mọ̀. Ọkọ AS, ìyàwó AS, ara àwọn méjèèjì le koko, wọn ò ṣàìsàn. Síbẹ̀ ọmọ kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ SS. Ohun tó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá ló pàdé lára ọmọ. Gregor Mendel, àlùfáà tó ń gbin ẹ̀wà, ló kọ́kọ́ rí ìlànà yìí ní 1865. Bákan náà ni ti àfín. Nígbà tí wọ́n mú àwọn ọmọ ejò àfín náà pọ̀ mọ́ra, àfín jáde. Ní 1962 ni tọkọtaya Bechtel tẹ àbájáde rẹ̀ sínú Copeia, ìwé àwọn onímọ̀ ẹja àti ejò.

Láti 1953 sí 1962, ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọmọ ejò kì í ṣe òròmọdìẹ tí yóò yé ẹyin kí ọdún tó yípo. Ó ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta kí abo tó gbó tó. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìran méjì, àfi kó ní sùúrù.

Láti ìgbà náà, àwọn tó ń sin ejò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ kìíní ni ti òtútù. Àwọn tó fẹ́ràn ejò wọn rò pé ìfẹ́ ni kí ilé móoru láti January dé December, kí oúnjẹ má sì wọ́n. Ejò sanra, ó ń dán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò bímọ, tàbí kó yé ẹyin ofo, kékeré, pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n wòye pé òtútù tí ejò ń sùn nínú ihò ni agogo tó ń sọ fún un pé àkókò ọmọ ń bọ̀. Ni wọ́n bá ń dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí inú rẹ̀ lè ṣófo, wọ́n á gbé e sí ibi tó tutù tó nǹkan bí 10 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tó mú un padà sínú ooru. Ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣe é léṣe ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti bímọ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ìyá. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò yọ ejò sílẹ̀. Abo tí kò tíì gbó, tí a kánjú fún lákọ, ẹyin lè há sínú rẹ̀, kó sì pa á. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn fi gbé òfin kan kalẹ̀ láàárín ara wọn tó rọrùn láti rántí: ọdún 3, ẹsẹ̀ bàtà 3, gíráàmù 300. Bí kò bá tíì pé bẹ́ẹ̀, má ṣe mú akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé bí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó yé, abo á bọ́ awọ. Bí olówó rẹ̀ bá ti rí awọ yìí nílẹ̀, á gbé àpótí kékeré kan tí ó kún fún ewéko tútù sílẹ̀ fún un, nítorí bí abo kò bá rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè yé ẹyin sínú abọ́ omi rẹ̀, gbogbo wọn a sì rì.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé adìẹ máa ń yí ẹyin rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin adìẹ náà ń yí i ni. Ẹni tó bá wá gbé ọgbọ́n adìẹ bá ejò, á bá òkú nínú ẹyin. Nítorí ọmọ inú ẹyin ejò máa ń lẹ̀ mọ́ òkè èèpo láìpẹ́ lẹ́yìn tí ìyá bá ti yé e. Bí a bá wá yí i dojú délẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ lè bọ́. Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ni wọ́n fi ń sàmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbé. Bí ẹyin bá lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀. Omi náà ńkọ́? Ẹyin ejò ń mu omi láti inú ohun tí a gbé e lé, ó sì ń wú. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, á sọ́. Bí omi bá pọ̀ jù, á bu. Ooru bíi 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, fún nǹkan bí 60 ọjọ́.

Bí ọjọ́ bá pé, ọmọ á fi eyín kékeré kan tó wà ní imú rẹ̀ ya èèpo, á yọ orí síta, á wá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò máa wo ayé. Níbẹ̀ ni sùúrù ti ń tán àwọn kan. Wọ́n á ní kí àwọn bá a fà á jáde. Wọn ò mọ̀ pé ó ṣì ń fa ìyókù oúnjẹ inú ẹyin sínú ikùn ni. Ẹni tó fà á jáde, ó lè já ìwọ́ rẹ̀. Èyí tí a fi sílẹ̀ a dá jáde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan á bọ́ awọ àkọ́kọ́, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Ìmọ̀ yìí yí òwò ejò padà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ní Yúróòpù. Wọ́n tún rí ejò àgbàdo mìíràn tí kò ní pupa lára, ó dúdú, ó rí bí eérú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti àfín pàdé, wọ́n rí ejò tó funfun bí yìnyín. Irú èyí jẹ́ ẹyọ kan péré nínú 16, bí àwọn òbí méjèèjì bá gbé ohun méjèèjì pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lónìí àwọ̀ náà kò lóǹkà. Ibi tí ọgbọ́n bá wà, àṣejù kì í jìnnà. Àwọn kan ń wá àwọ̀ tuntun títí wọn a fi mú ọmọ ìyá kan náà gun ara wọn láti ìran dé ìran. Àwọn kan ń jẹ́ kí abo yé ẹyin 20, wọn a sì wá máa wá ẹni tí yóò gba ọmọ 20 náà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ohun kan dájú: ẹni tó bá ra ejò àgbàdo lọ́jà lónìí, inú àpótí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n ti bí i, àti ìyá rẹ̀, àti ìyá ìyá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọjà náà kò ti nílò ti inú igbó Carolina mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà wálé.

Ní etí òkun tiwa, láti Ghana dé Togo, dé Benin, dé ọ̀dọ̀ wa, ère kékeré kan wà tí í ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Kò ní oró. Ní Ouidah, àwọn ará ibẹ̀ kì í pa á rárá, torí Dàńgbé, òrìṣà wọn, ni. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1704 pé ní 1697 ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ọ̀kan nínú àwọn ejò náà, ni ọba bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nílẹ̀ náà. Ní 1727, Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun ìlú náà, àmọ́ ọ̀wọ̀ ère kò parẹ́. Títí di òní, ilé Dàńgbé kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Àwọn ère ibẹ̀ ń jáde lóru lọ wá oúnjẹ, bí wọ́n bá sì wọ ilé onílé, onílé á gbé wọn padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ère yìí kan náà ni Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá fẹ́ràn. Ó wà lára àwọn ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń kó láàyè kúrò ní Áfíríkà jù lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí abo ti lóyún tàbí tó ti ká mọ́ ẹyin rẹ̀ nínú ihò, ni àwọn ọdẹ ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbé abo àti ẹyin lọ fún àwọn oníṣòwò. Ibẹ̀ ni abo ti ń yé, ibẹ̀ ni ẹyin ti ń pa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun. Wọ́n ní àwọn a máa dá abo àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ padà sígbó, òfin àgbáyé sì ti wà lórí òwò náà láti àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹyin márùn-ún, mẹ́fà, méje ni ère yìí ń yé, kì í tó ti ejò àgbàdo. Èyí tí a bá gbẹ́ jáde lọ́dún yìí, a óò tún padà wá gbẹ́ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní 1992, ère àfín kan tí wọ́n kó láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà bímọ àfín nínú àpótí, ó sì di ìtàn bí ti ejò àgbàdo. Láti ìgbà náà, àwọ̀ ère tí wọ́n ń bí níbẹ̀ kò lóǹkà mọ́. Irú kan tilẹ̀ wà tí àwọ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ń gbọ̀n títí tí yóò fi kú. Owó ńlá ni wọ́n ń pa lórí rẹ̀. Ọdẹ tó gbẹ́ ihò ní Togo, tó forí la oòrùn àti àkekèé, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń kàn án. Ẹni tó mú ejò kò lówó lọ́wọ́ tó ẹni tó mọ ìwà ẹyin.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ máa sin ejò. Bí ẹ bá rí i nínú ilé yín, mo mọ̀ pé igi lẹ ó ṣì wá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín igbó Carolina tó sinmi àti ilẹ̀ Togo tí wọ́n ń gbẹ́, kì í ṣe pé àwọn kan fẹ́ràn ejò ju àwọn kan lọ. Àwọn ará Ouidah ti fẹ́ràn rẹ̀ kí Bechtel tó dáyé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan jókòó ti ẹyin fún ọdún mẹ́sàn-án, ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kà á. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jù wá lọ. Ẹja odò wa, ìgbín wa, ọ̀yà wa, gbogbo wọn ni à ń kó nínú igbó bí ẹni pé wọn kò lè tán. Díẹ̀díẹ̀ lẹyin ń di àkùkọ. Àmọ́ ẹyin tí a bá jẹ́ kó pa nìkan ni í dàkùkọ.